Ìka Tó Kú Nínú Omi Tútù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1996
Kí ìka kú, ohun tó túmọ̀ sí nìyí: kí nǹkan kan án kó má mọ̀. Òtútù ló ń fà á. Iṣan tóóró tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí ìka á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sá padà sínú, ìka á funfun bí ẹfun. Bó bá móoru, ẹ̀jẹ̀ á padà, ìka á pọ́n, á máa ta èèyàn, á jí. Kì í ṣe pajápajá. Kì í ṣe ẹ̀gbà.
Èmi tí mo ń ṣàlàyé àìsàn fún gbogbo ayé, ó ti kàn mí. Ọyẹ́ mú láàárọ̀, omi tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní kíláàbù tutù. Mo lúwẹ̀ẹ́ lọ, mo lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ — ìka ọwọ́ mẹ́rin kú, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ìka tí mo fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú.

Ọjọ́ Ajé, 8
Olúṣẹ̀yẹ nìkan ni mo sọ fún. Dókítà ojú lòun náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ níṣẹ́ abẹ. Aago ni mo ń pè é nínú ìwé yìí — ó máa ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ kó tó kí èèyàn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa lúwẹ̀ẹ́, màá jókòó létí omi, màá máa kọ ìgbà tó kú àti ìgbà tó jí." Mo ní kó má sọ fẹ́nì kankan. "Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹja?"

Ọjọ́rú, 10
Kú: 7:10. Jí: 7:21. Abẹ́ abíyá ni mo fi wọ́n sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Kú: 7:08. Jí: 7:20. Aago ń pariwo bí ẹni ń polówó ọjà: "Ó ti kú o! Ó ti jí o!" Obìnrin tó ń nu àga sáré wá, ó ní ta ló kú. A rẹ́rìn-ín títí. Aago kọ tiẹ̀, mo kọ tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
Mo dán ara mi wò ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, wákàtí méjì gbáko. Òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ — mo fi bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà ogún. Ogún ló wọlé. Ìka kankan ò kú. Aago wà níbẹ̀, òun ló ń kà á. Inú omi nìkan ló ti ń ṣe mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Ọ̀gá wa nílé ìwòsàn pè mí. Lẹ́tà kan wà níwájú wọn, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀ àfi ibì kan: "ọwọ́ wọn kú". Wọ́n ní, "Dókítà, ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ àbí ẹ ò sọ ọ́?" Mo ní mo sọ ọ́. Wọ́n ka ìyókù. Ọjọ́ kẹwàá, 7:10, ó kú. Ọjọ́ kẹtàlá, 7:08, ó kú. Jíjí ò sí níbẹ̀. Ogún abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀.
Mo ṣàlàyé iṣan, mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ta ni yóò gbé ojú rẹ̀ fún ọwọ́ tó ti kú. Láti ọjọ́ Ajé, àyẹ̀wò nìkan ni màá máa ṣe. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Olúṣẹ̀yẹ ni yóò dúró nídìí tábìlì iṣẹ́ abẹ mi.
Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. 7 tó fa ìlà sí láàárín. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa fa ìlà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20
N kò lọ lúwẹ̀ẹ́.

Ọjọ́rú, 24
Mo pàdé Aago lójú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ló jẹ òun lógún, pé òun ò sì parọ́. Òótọ́ ni. Kò parọ́. Ìdajì ló kọ.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Èrèlé
Ìyá Àmúdàtù wá láti Agbowó. Mo ti ṣe ojú òsì wọn lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ra tòmátì. "Wọ́n ní ọwọ́ yín kú. Èyí gbóná ju tèmi lọ! Ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe ti ọ̀tún, àbí kó wà bẹ́ẹ̀." Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Wọ́n bínú lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 4
Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Aago wá sílé mi ní Bódìjà. Ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú ọ̀tún Màmá ti lọ. Òsì ló kù, ìyẹn náà ti ń funfun.
"Àǹtí, n ò lè gbé èyí tó kù fún ẹlòmíì. Ẹ bá mi ṣe é. Mo mọ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ring Road, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."
Mo ní, "Pẹ̀lú ọwọ́ tó kú?"
Ó wo aago. Màmá ní, "Ọwọ́ ta ló kú?"
Ìgbà yẹn ló tó dùn mí dé egungun. Mo ti ń rò pé ẹ̀rù ló bà á, pé àlàyé mi ò yé e tó. Ó yé e. Látìbẹ̀rẹ̀ ló ti yé e.
Mo gbé bébà fún un. Mo ní màá ṣe ojú Màmá, ṣùgbọ́n nídìí tábìlì mi ni, lójú gbogbo èèyàn, lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti ka lẹ́tà tuntun. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti kọ ọ́, ó kọ jíjí àti ogún abẹ́rẹ́ sí i. Èmi ni mo ń pe àwọn ìlà tó kẹ́yìn, ó ń kọ ọ́, kó má baà tún kọ ìdajì:
"Bí ìka bá kú nínú omi tútù, jáde. Nu ún gbẹ, fi í sábẹ́ abíyá. Má ti í bọ omi gbígbóná, torí kò ní mọ̀ bó bá ń jóná. Bí kò bá jí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lọ rí dókítà. Kọ aago tó kú sílẹ̀. Kọ aago tó jí pẹ̀lú."