Màmá Olókùúta, Ẹni Tó Wo Kókó Òkúta fún Bàbá Wa

Ọdún 1952 ni wọ́n bí Màmá wa, àkọ́bí bàbá tó ń tún aago ṣe àti ìyá agbẹ̀bí. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń tú ohun tí ò bàjẹ́, kí wọ́n ṣáà lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Aago bàbá wọn jìyà lọ́wọ́ wọn!

Wọ́n gboyè kẹ́mísìrì ní 1975. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, tíṣà tí ẹ̀rín ò wọ́n lẹ́nu ẹ̀.

Láàbù ọsibítù ni Màmá ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Òkúta tó ń dá sínú kíndìnrín, tó ń bá ìtọ̀ jáde, òun ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ìyẹn làwọn èèyàn fi ń pè wọ́n ní Màmá Olókùúta. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ infuráreèdì tójú ò lè rí. Ẹ̀rọ á wá ya àwòrán ẹ̀, àwọ̀ ọ̀tọ̀ fún èròjà kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ lọ òkúta kúnná, wọ́n á ké: "Ṣé o fẹ́ lọ kókó mọ́ èèpo ni? Báwo la ṣe máa mọ èyí tó kọ́kọ́ débẹ̀?"

Ní 2009, ọ̀rọ̀ kan ilé. Wọ́n ti yọ kíndìnrín Bàbá kan, òkúta sì tún ń dí ẹyọ tó kù. Oògùn ò ràn án. Ọsibítù míì tí Bàbá ti ń gbàtọ́jú ló ń bá wọn yẹ òkúta wò, lílọ̀ ni wọ́n sì ń lọ̀ ọ́. Màmá wá ra asẹ́ kí Bàbá máa fi sẹ́ ìtọ̀. Àlejò dé, ojú ti Bàbá, ni wọ́n bá fọ̀ ọ́, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí kíṣìnnì. Kí wọ́n tó mọ̀, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wá kí wọn ti fi sẹ́ tíì.

"Asẹ́ yín yìí mà dáa o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa mú un lọ sílé."

Màmá dé. "Bàbá Ìbejì! Kí lẹ wá fẹ́ kí n fi mú òkúta báyìí?"

Wọ́n ra òmíì. Nígbà tí òkúta bọ́ sí i, Màmá fúnra wọn ló là á, wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Èèpo ẹ̀ jẹ́ kálísíọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kókó ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: yúríìkì ásíìdì, tó máa ń dì nínú ìtọ̀ tó bá kan jù.

Dókítà tó ń tọ́jú Bàbá wo àwòrán náà títí. "Màmá, èèpo la ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí."

Wọ́n pààrọ̀ oògùn, wọ́n dín ẹran Bàbá kù, Màmá sì ń rí i pé wọ́n ń mu omi dáadáa lójoojúmọ́. Kíndìnrín yẹn ló ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́ dòní.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn Màmá kì í bá ti ẹgbẹ́ akọrin mu, síbẹ̀ ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ní kí wọ́n jókòó? Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n kọ́ ní kẹ́mísìrì lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀.

Wọ́n fi Bàbá sáyé lọ, àwa ìbejì, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, ẹnu wọn ń mì, a rò pé àdúrà ni. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé etí sún mọ́ Màmá lẹ́nu.

"Ṣé ẹ ti mu omi lónìí?"

Bàbá gbé ife, wọ́n mu ún tán lójú wọn. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n pa ojú dé.

Ẹ sùn jẹ́jẹ́, Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ yín sí ibi tó tutù. Omi ò ní tán nínú ife Bàbá.