Hóró Oògùn Tí Fúnkẹ́ Fún Mi

Màámi àtàtà,

Ẹ ó rẹ́rìn-ín tí ẹ bá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń ṣe báyìí. Mo ń gbé irin. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń yà sí jíìmù kan ní Adìgbẹ. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún yìí, màá wọ ṣòkòtò, màá dúró láàárín àwọn ọkùnrin tí apá wọn tó itan mi.

Mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tí ẹ lò kẹ́yìn nílé wa ní Kẹ́mta kí ẹ tó papò dà, ẹ ní kí n gbé yín kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, kí ẹ lè máa wo ìta. Ẹ ti rù gan-an, síbẹ̀ mi ò lè gbé yín. Mo sáré lọ pe aládùúgbò wa. Ká tó dé, ẹ ti sùn lọ, ẹ ò sì tún béèrè mọ́. Ṣé inú bí yín sí mi? Àbí ẹ ti gbàgbé?

Ẹ̀yin lágbára ní tiyín. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fa àdìrẹ jáde nínú ìkòkò aró, aṣọ tó ti mu omi yó. Ẹ ó fún un, iṣan apá yín á yọ, aró á máa ṣàn dé ìgúnpá yín. Èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá máa kàwé. Mi ò béèrè rí pé ọdún mélòó ni apá yín fi rí bẹ́ẹ̀. Ó wá ń wù mí kí n mọ̀ báyìí, torí pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nínú jíìmù, apá tèmi ò yí padà.

Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀. Onídìrí ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀. Iṣan èjìká tirẹ̀ ti yọ. Mo bi í pé kí ló ń jẹ. Ó fà mí lọ sẹ́yìn jíìmù, ó sì kó hóró oògùn mélòó kan tó wà nínú ọ̀rá lé mi lọ́wọ́.

"Sítẹ́rọ́ìdì ni, oògùn tó ń mú kí iṣan wú," ó ní. "Ọ̀kan láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ò ń wò níwájú dígí yẹn ló ń lò ó."

"Ta ló fún ẹ?"

"Ẹnì kan níbí ni. Má wulẹ̀ pariwo."

Màámi, mi ò ní purọ́ fún yín, ó wù mí. Ọjọ́ méjì ló fi wà nínú báàgì mi. Màá mú un jáde, màá wò ó. Báwo ni nǹkan tó kéré tó báyìí ṣe ń sọ ẹran ara di ńlá? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé Ṣàpọ́n, lọ́dọ̀ Alájà, apòògùn tá a máa ń ra oògùn ìfúnpá yín lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Oṣù mélòó lo ti ń gbé irin?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ṣé ò ń jẹ ẹyin? Ẹ̀wà ńkọ́? Ṣé ò ń sùn dáadáa?"

Mo ní búrẹ́dì ni mo máa ń jẹ lọ síbẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń yára gbọ́ irin, tó bá ti rí oúnjẹ àti oorun. O ò tíì fún tìrẹ lóhun tó ń fẹ́, o ti fẹ́ fi oògùn lé e."

Mo bi wọ́n bóyá irọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe irọ́, torí pé ó ń ṣiṣẹ́ náà làwọn èèyàn ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ru, ó lè da nǹkan oṣù obìnrin rú, kí irùngbọ̀n sì máa hù. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an.

"Ohùn rẹ náà lè ki bíi ti ọkùnrin," wọ́n ní. "Tó o bá dá oògùn dúró, àwọn nǹkan mìíràn lè padà sípò. Ohùn kì í sábà padà."

Ibẹ̀ lọkàn mi ti kúrò lórí oògùn náà. Ẹ mọ̀ pé ohùn wa jọra. Tí àbúrò yín, Àǹtí Ṣọlá, bá pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mo bá ti kí wọn, wọ́n á ní kí n tún kí àwọn. Wọ́n jẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ kan pé ẹ̀yin làwọn ń gbọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohùn yín máa kù sí mi lọ́fun? Orí tábìlì Alájà ni mo fi àwọn hóró náà sí.

Nígbà tí mo sọ fún Fúnkẹ́, ó bínú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi kí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a lẹ́nu géètì ilé ìwé wa.

"Àwọn oníbàárà mi ń pè mí ní 'sà' lórí fóònù," ó ní. "Mi ò sì rí nǹkan oṣù mi láti oṣù méjì."

Mo ti gbọ́ pé ohùn rẹ̀ há, òtútù ni mo rò pé ó mú un. Kí ló dé tí mi ò béèrè? A jọ lọ sọ́dọ̀ Alájà. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò bá a wí, wọ́n kọ ìwé lé e lọ́wọ́ kó mú un lọ bá dókítà. Ó ti jáwọ́ nínú oògùn náà. Ìfúnpá rẹ̀ ti ń wálẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ ti padà, ohùn rẹ̀ ni kò tíì padà. Èmi ni mò ń bá a pe àwọn oníbàárà rẹ̀ báyìí, títí tí ojú ò fi ní máa tì í mọ́.

A ti tún bẹ̀rẹ̀ láti orí irin kékeré, òun ń bá mi ka iye ìgbà tí mo gbé e, èmi náà ń bá a ka tirẹ̀. Mò ń jẹ ẹ̀wà àti ẹyin. Tí mo bá ká apá kò báyìí, nǹkan kan ti ń le níbẹ̀, ó tó ọsàn wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù tí mi ò lè bi Alájà. Ká ní oògùn yẹn ò ní ba nǹkan kan jẹ́ lára mi, ṣé màá gbé e mì? Mo rò pé màá gbé e mì, Màámi. Kí lẹ máa rò nípa mi?

Èmi ni, ọmọ yín tó ń ṣàárò yín, tí ìbéèrè rẹ̀ ò tíì tán.