Ohùn Yín ní Ẹnubodè Ìlú Tí Mo Fẹnu Tẹ̀ Dó

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ forí jì mí. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í jí baba rẹ̀ lójú oorun nítorí ọ̀rọ̀ eré. Mo ti kọ ìwé yìí, mo fà á ya, mo tún kọ ọ́, torí ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má baà ní ṣé ohun tí wọ́n rán mi lọ kọ́ ní Òṣogbo nìyí. Mò ń kàwé o, Bàámi. Ara Màmá náà le. Àga yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, wọn kì í jẹ́ kí àlejò jókòó síbẹ̀.

Orí tábìlì la ti ń ṣe eré náà, ní yàrá òkè ilé kan ní Òkè-Fìà, lọ́sàn-án Sátidé. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á di èèyàn inú rẹ̀: ọ̀kan ọdẹ, ọ̀kan oníṣòwò, ọ̀kan olè. Kálukú á sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, á ju dáìsì bíi ti lúdò, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ rárá.

Bọ̀dá Sàkírù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló dá a sílẹ̀, òun ló sì ń sọ ìtàn. Ìjà ni ìtàn tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ó wá ní kí n gba ipò òun. Èmi, Bàámi! Èmi tí ohùn mi máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá ní kí n ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mi ò bá sì lè ṣe é, kálukú á tú ká nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mo ní nílùú yìí.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ìjà. Bùkọ́lá, tó ń ṣe olè, yán, ó ní, "Ogun rẹ yìí mà jọ ìpàdé àwọn òbí o."

Ni mo bá yí i sí ìtàn ìwádìí. Ará òkèèrè ló kọ ìwé tí a fi ń ṣeré. Ó ní kí n fi bàbá arúgbó kan sí ẹnubodè ìlú, kó mọ àṣírí kan, kó má fẹ́ sọ, kí àwọn eléré halẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi jẹ́wọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bàámi, wọ́n dọ̀bálẹ̀! Bùkọ́lá ní òun kúnlẹ̀, òun sì sọ ẹrù bàbá kalẹ̀ lórí wọn. Wọ́n kí wọn kú ìdúró, wọ́n bá kọjá wọ ìlú lọ.

Mo ní, "Ẹ ò ní bi wọ́n ní nǹkan ni?"

Bùkọ́lá wò mí lókè wò mí nílẹ̀. "Àgbàlagbà? Kí n dá wọn dúró, kí n máa da ìbéèrè bò wọ́n bí ọlọ́pàá? Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi nìyẹn?"

Bọ̀dá Sàkírù rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Dáìsì gan-an á sá fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀."

Ìtàn dúró gbagidi. Mo rò pé ó ti tán fún mi.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ wá sílé ní Iléṣà, mo jókòó kọjú sí àga yín. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ẹ̀yin kì í dúró kí wọ́n bi yín. Ẹnikẹ́ni tó bá kí yín, ìbáà ṣe ẹni tó wá tún iná ṣe, ẹ ó kọ́kọ́ fi Ìjẹ̀ṣà bi í lọ́mọ ẹni tó jẹ́, "Ọma yèsí?" Bó bá ti dárúkọ baba rẹ̀, ẹ ó bi í ní ìyá. Kó tó gbé àkàbà, ẹ ti mọ ìdílé rẹ̀, ẹ sì ti sọ tiwa fún un. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń bí Màmá nínú tó?

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pa ìwé dé. Mo ní wọ́n tún kan bàbá náà lẹ́nubodè. Wọ́n kí wọn. Bàbá gbójú sókè: "Ọma yèsí?"

Bàámi, ohùn yín ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá a nínú orí mi, tí kì í wá. Mo ti rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Ó jáde lẹ́nu mi, tòun ti ikọ́ kékeré tí ẹ máa ń wú ṣáájú ọ̀rọ̀.

Bùkọ́lá, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dáhùn jẹ́jẹ́: "Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, sà. Bàbá mi ló lé mi nílé." Kò sí nínú ìwé, ojú ẹsẹ̀ ló bí i. Bàbá ní àwọn mọ alágbẹ̀dẹ náà dáadáa. Ibẹ̀ ni àṣírí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, díẹ̀ lẹ́nu tèmi, díẹ̀ lẹ́nu tiwọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan dáìsì.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, Bọ̀dá Sàkírù ní, "Bàbá yẹn, wọ́n á wà níbẹ̀ ní Sátidé, àbí?"

Mo ní wọ́n á wà níbẹ̀.

Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ìjà náà díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹ ò bínú pé mo fi ohùn yín ṣeré? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ wa?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé yìí wà láàárín àwa méjèèjì. Bí Màmá bá lá àlá yín, ẹ sọ̀rọ̀ àga, ẹ sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má dárúkọ dáìsì. Ẹ má sì sọ pé ohùn yín wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ní kí n mú un jáde ní pálọ̀, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá ó máa ń jẹ́ ìpè.

Èmi náà ni,
ọma yín.