Rẹ́gẹ̀ Bàbá Àgbà

Ọjọ́bọ̀

Etí Bàbá àgbà ti di pátápátá, ṣùgbọ́n rẹ́gẹ̀ àtijọ́ ṣì ń wọ̀ ọ́ lára. Ó kàn máa ń gbé ọwọ́ lé sípíkà ni, ohùn béèsì á gba apá rẹ̀ wọ àyà, á sì máa jó lórí ìjókòó. Á ní fún mi pé: "Ìwọ ìpáǹle yìí, orin tiyín dà? Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó ti gbàgbé ẹ̀!"

Lónìí mo yí ohùn sípíkà náà sókè débi pé páànù gbogbo Kàbbà ń gbọ̀n. Bàbá gbé ọwọ́ lé sípíkà, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ó wò mí.

"Ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?"

Béèsì ń gún mi láyà bí ọmọ odó. Mo mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì pa orin náà.

Òun ló tún wá ń tù mí nínú, pé kí n má fajú ro, wọ́n á mú un wá.