Bàtà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sọ́mọ mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò o. Ẹ kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara Màámi ti yá.

Fítámì tí ẹ fi ránṣẹ́ sọ́mọ mi dé. Ìyá ọkọ mi náà ń fún un lágbo. Ọjọ́ tí méjèèjì pàdé níkùn rẹ̀, ó bì títí ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó ní, "Kí lẹ ń wò lára ọmọ tí ò ṣàìsàn?"

Mo ti fítámì àti àgbo mọ́nú àpótí. Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìyá ọkọ mi ní olórí kunkun ni mí. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ẹ̀wà àti ẹyin lọmọ ń jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, bàtà ni kí ẹ rà báyìí. Èyí tí ẹ rà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Àbúrò yín, olórí kunkun.