Ìró Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìbógun,
Ọjọ́ Ajé.

Jésùtófúnmi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Arẹ́pò ń tù ọ́ lára? Olúwa tó ń sìn ọ́ lọ síbi iṣẹ́ á máa sìn ọ́ bọ̀ wálé. Ara tèmi le, ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa, adìẹ tó ń yé sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ sì ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, mi ò lé e kí yàrá náà má bàa ṣófo.

Màmúdù awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ṣeé sọ lórí fóònù. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò níbí, ohun tí mo bá sọ sí tèmi, Ìyá Táíyé á gbọ́ ọ nínú tiẹ̀. Fóònù tí o rà ń ṣiṣẹ́ o. Tí a bá jọ ń gbàdúrà tí ojú rẹ yọ nínú rẹ̀, mo máa ń wé gèlè fún fóònù náà, torí o kì í borí, àdúrà ò sì dùn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi ń sọ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ Àjíǹde èṣí ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú ìró tí à ń fún àwọn ọmọbìnrin yunifásítì tó bá wọ ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ náà wọ ṣòkòtò dé, mo sì ní kí o ró ìró níṣojú gbogbo ìjọ, torí bí mo bá fi tèmi sílẹ̀, kí ni màá sọ fún ọmọ ọlọ́mọ? Ńṣe lo padà gun ọ̀kadà tó gbé ọ wá láti Ìfọ̀. Láti ìgbà náà o ò wálé mọ́, ó sì ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì já wáyà sólà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọlabí, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà, ní òun á tún un ṣe. Mo ní kó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, kó ró ìró, torí ilé Olúwa ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní ó dáa mà. Ó dé àárín àkàbà, afẹ́fẹ́ bá gbé ìró sókè! Pásítọ̀ Sámúẹ́lì dijú, ó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, àwọn ọkùnrin tó di àkàbà mú náà dijú, àkàbà wá ń mì. Èmi fúnra mi ni mo sáré gbé ṣòkòtò náà jáde, tí mò ń kígbe pé kó sọ̀ kalẹ̀ wá wọ̀ ọ́ nítorí Ọlọ́run. Ó wọ̀ ọ́, ó gun òkè, iná dé. Ìgbà yẹn ni mo tó bi ara mi pé ká ní ìró lo ró lórí ọ̀kadà ọjọ́ náà ńkọ́? Mo sunkún. Mo ṣe é láṣejù, má bínú sí ìyá rẹ.

Ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún mi bọ́ sí Sọ́ńdè tó parí oṣù yìí. Bá mi wá owó ìrẹsì àti ẹran, ṣùgbọ́n má fi sí báǹkì, torí mo sàmì sí owó tí mo kó fún wọn, èyí tí wọ́n dá padà ò ní àmì kankan.

Olúwa á gbé ọ ga, wàá rí ọkọ rere, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Wọ ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn wá. Mo ti sọ fún Pásítọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ padà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa bá ìdúpẹ́ wọn lọ, èmi àti ọmọ mi la jọ ń lọ ilé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.