Èsì Mi sí Fọ́ọ̀mù Lubna

Kudai, Mẹ́kà,
Ọjọ́rú, oṣù Rájábù, 1982.

Àjàmú ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, mo sì kí ọ kú àìfojúkanra wa láti oṣù mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni Kabirat ìyàwó rẹ wà? Ṣé ara Lubna ọmọ mi le? Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ otútù nínú ilé yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Mo béèrè nítorí pé ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí o mú mi wá sí Jẹ́dà, òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Èmi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, tòsì ń bá a kẹ́dùn. Mùnírù tó gba yàrá ẹ̀gbẹ́ tèmi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Tísà ni ní Ṣakí kó tó wá ṣe hájì lọ́dún tí èmi náà wá, òun náà kò padà, kò sì ní ìwé ìgbélùú, ìkámà tí wọ́n ń pè é yẹn, bí èmi náà kò ṣe ní. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí òun kò ní bá mi kọ sí dókítà bíi tìrẹ. Mo ní bí kò bá kọ ọ́, kò ní fẹnu kan irú ọbẹ̀ tí mo ń ṣe mọ́. Ó ti ń kọ ọ́ báyìí.

Níbí, wọ́n ń wó àdúgbò Misfalah. Owó epo rọ̀bì ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn débi pé ilé tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan ni wọ́n ń wó kí wọ́n lè kọ́ èyí tó ga jù ú lọ. Ilé tí mo ti ń fọṣọ àwọn àlejò Ọlọ́run tó wá ṣe hájì ti di ihò. Lóṣù tó kọjá, àwọn jáwásátì tó ń mú ẹni tí kò ní ìwé kó Àlàájà Bilikis ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú dá a padà sílé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì wà lọ́dọ̀ mi. Bí o bá mọ ẹni tó ń lọ sílé, jẹ́ kí n mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé kàn wàyí. Lọ́jọ́ Àìkú, Bashir awakọ̀ rẹ gbé àpòòwé ńlá kan wá. Ó ní o ní kí n dáhùn gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pé ilé ìwòsàn tó ń yẹ orí Lubna wò fẹ́ mọ bó ṣe ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì tó lò lọ́dọ̀ mi nígbà tí Kabirat lọ sílé. Bashir wá sọ ohun tí ìwọ kò sọ. Ó ní ilé ìwé ní ọmọ náà kò lè fọkàn sí nǹkan kan, kò lè jókòó, ojú rẹ̀ ń wo fèrèsé, àti pé bí fọ́ọ̀mù yìí bá fi hàn pé àrùn ni, o máa fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwé tí ọmọ ń sùn sí ní Ìlọrin kí Ràmàdánì tó wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ọmọ tó jẹ́ pé Lárúbáwá ló fi ń lálàá. Ó dùn mí débi pé mo gbàgbé láti fún Bashir lómi. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti fọ́ọ̀mù náà bí ẹni tó ń ṣèdánwò, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ṣi ìdáhùn kan ṣe, ọmọ mi ti lọ nìyẹn.

Lójú ìwé kìíní, wọ́n béèrè ohun tí mo jẹ́ sí ọmọ náà. O ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ dè mí. Mùnírù wò ó, ó wúkọ́. Mo ní kí lo kọ? Ó ní o kọ ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní bóyá bí àwọn dókítà ṣe ń pe ìyá bàbá ọmọ nìyẹn. Ó ní rárá. Ó dáa náà. Mo wẹ ọmọ, mo sè fún un, mo fọṣọ rẹ̀, mo dirun fún un. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ náà nìyẹn, n kò lè bá ọ jiyàn.

Wọ́n béèrè bó ṣe ń sùn. Lọ́dọ̀ mi, bí a bá kírun Ìṣáì tán, orí òrùlé ni à ń tẹ́ní sí, n kì í tíì sọ àlọ́ dé ìdajì tí á fi sùn. Lọ́dọ̀ yín, ó sọ fún mi pé òun ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí tí wọn á fi pa á, nítorí pé òun fẹ́ rójú bàbá òun kí òun tó sùn. Ìwọ lo kọ́ mi pé ìgbà tí èèyàn bá sùn ni ọpọlọ rẹ̀ ń kó ohun tó kọ́ lójúmọ́ sínú àká. O sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn pé ọmọ mi gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí olóko kò bá tètè dé, ta ni yóò kó àgbàdo wọlé? Mo ní kí Mùnírù kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá rẹ̀ ni àìsùn tó ń ṣe é.

Bashir ní wọ́n tú gbogbo irun tí mo dì fún un, ṣùkú tó gba mí ní ọjọ́ méjì, kí wọ́n lè lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, ẹ̀rọ kan sì ń ya òkè àti kòtò sórí ìwé. Jọ̀ọ́, bá mi béèrè bóyá wọ́n rí mi nínú rẹ̀, nítorí ọmọ náà ṣèlérí pé òun á máa rántí mi lójoojúmọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣọ́ra pẹ̀lú. Bí iná bá lọ ní Jẹ́dà bó ṣe ń lọ nílé, tí ọgbọ́n ọmọ ṣì wà nínú wáyà, ta ni yóò bá wa dá a padà?

Wọ́n tún béèrè pé ṣé ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ bí a bá dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Ìbéèrè yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Lubna ń gbọ́ tèmi. Ẹni tí kò gbọ́ ni mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n kó Bilikis, mo lọ sí ilé tẹlifóònù ní Misfalah, mo tò títí, wọ́n bá mi pe nọ́ńbà rẹ. O gbé e, o sọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, nǹkan kan dún píì, o wá dákẹ́. Mo rò pé oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ. Mo kí ọ, mo sọ ti Bilikis, mo sọ ti orúnkún, mo gbàdúrà fún ọ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo dúró kí o ṣe àmín. O kò ṣe é. Mo tún àdúrà náà gbà, mo rò pé o kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. O kò ṣe é. Mùnírù ní ẹ̀rọ ni, pé o ti gba ohùn rẹ sínú rẹ̀ kó lè máa dá èèyàn lóhùn bí o kò bá sí nílé. Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí mo bí ọ kò lè ṣi ohùn rẹ mọ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ni lóòótọ́, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tí yóò máa bá a gbọ́ tìyá rẹ̀, kó ra èyí tó lè ṣe àmín.

Oògùn tí o ní kí n máa fún un láràárọ̀, n kò fún un. Má bínú. Mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí mo ṣe ń tọ́ gbogbo nǹkan wò kí n tó fi sí ìwọ náà lẹ́nu nígbà èwe rẹ. Mo rò pé ìsọ̀yè òyìnbó ni, mo ní bóyá Lárúbáwá á wọ èmi náà lórí, mo bá lo méjì, torí pé àgbà ni mí. Háà! Mo fọ gbogbo ìkòkò ilé wa, mo fọ ti Awatif aládùúgbò wa, mo wá ka tẹ̀súbáà títí okùn rẹ̀ fi já. Oorun kò wá, àyà mi ń sáré bí ẹni tí jáwásátì ń lé. Bóyá ó ń ṣe ẹlòmíì lóore, èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n o kò kọ́kọ́ bi mí bí mo ṣe tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n sì béèrè bí ọmọ náà ṣe ń kọ́ nǹkan. O mọ̀ pé àwọn tó ń bọ̀ láti ilé ń kó èso irúgbá wá fún mi, mo ń sè é, mo ń ṣe é ní irú fún àwọn ará wa. Mo da èyí tí mo ti sè sínú agbada, mo fọ ẹsẹ̀ Lubna, mo ní kó bọ́ sínú rẹ̀ kó máa tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ń bi í ní ìlọ́po méje tí wọ́n ní kò lè mọ̀. Ẹsẹ̀ kan, méje. Ẹsẹ̀ kejì, mẹ́rìnlá. Ó ń fi Lárúbáwá kà á, mo ń fi Yorùbá gbà á. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti dé ìlọ́po mẹ́sàn-án, ó sì mọ Súrátù Yásínì dé ìdajì. Ọmọ tí wọ́n ní kò lè dúró sójú kan, ta ló ní kó dúró? Ẹsẹ̀ ló fi ń kàwé. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ láti Jẹ́dà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé Kabirat ní ẹsẹ̀ ọmọ òun ń rùn.

Lójú ìwé kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n béèrè ẹbí, ta ló wà láyé, àìsàn wo ló ṣe wọ́n. Mùnírù kà á dé ibì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òmíì. Mo mọ̀ ọ́n, bó bá ń purọ́ etí rẹ̀ máa ń mì. Mo ní kó padà. Ó bẹ̀ mí. Mo ní kó padà. O kọ ọ́ síbẹ̀, Àjàmú, pé ìyá bàbá ọmọ náà ti kú.

Mo kọ́kọ́ dì í mú sí àyà pé bóyá dókítà ló mọ̀. Ìwọ lo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kọ́ nípa ọpọlọ, o lè mọ ẹni tó ti kú jù mí lọ. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ó gbóná. Mo ní kí Mùnírù pè mí lórúkọ, mo jẹ́ ẹ. Mo wá ronú ti ọ̀gá rẹ ara Sáúdì, pé bó bá gbọ́ pé ìyá rẹ wà ní Kudai láìníwèé, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ èyí, ọmọ mi. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí o ti ní kí n má wá sí Jẹ́dà mọ́. Ṣùgbọ́n o lè kọ pé mo wà nílé. O lè kọ pé mo wà ní abúlé mo ń ta irú. Inú ń bí mi, kí n má parọ́. Lójú ìwé kìíní mo jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, lójú ìwé kẹta mo ti kú, síbẹ̀ o ní kí n dáhùn gbogbo ìbéèrè.

Nísàlẹ̀ ibi tí o pa mí sí, wọ́n béèrè pé ṣé ẹnìkan wà nínú ẹbí tí irú èyí ti ṣe rí. O kọ pé kò sí. Mo ní kí Mùnírù pa á rẹ́, kó kọ pé ó wà, kó kọ orúkọ rẹ̀: Dókítà Abdulrauf Àjàmú, bàbá ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àáfà Jùbrílù lé ọ padà láti ilé kéú tìwọ ti wàláà, wọ́n ní ata wà nídìí rẹ. Wọ́n ní kí n fi ọ́ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní òkèèrè tó ń fi okùn de ọmọ mọ́ òpó títí ọmọ á fi mọ̀wé. Mo kọ̀. Mo gbé ọ sínú agbada irú. O tẹ irú mi fún ọdún mẹ́rin, gbogbo ìwé tí o mọ̀ kí o tó mọ ti òyìnbó, ẹsẹ̀ lo fi kọ́ ọ. O wá gbàgbé. Ìbéèrè tiẹ̀ wà níbẹ̀ pé ṣé ó máa ń gbàgbé nǹkan tó ṣe pàtàkì. Mo ní kí Mùnírù fi orúkọ rẹ síbẹ̀ náà.

Má fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Ẹ̀bẹ̀ nìyí, kì í ṣe ìjà. N kò fi ìwọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń de ọmọ mọ́ òpó, má fi tèmi ránṣẹ́ sí àjèjì.

Ó ku ti owó. Ọjọ́ tí o kọ sí fọ́ọ̀mù náà, ọjọ́ tí o pa mí, ti lé ní ogún ọjọ́. Ìyẹn ni pé àdúrà ọjọ́ kẹjọ mi ti kọjá, o kò pe àáfà kankan, o kò sè fún ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí fún ọ. Ó ku fídáù ogójì ọjọ́. Mùnírù bá mi kà á, ó ní Jímọ̀ kẹta sí àsìkò yìí ni. Fi owó ìrẹsì, ẹran àti òróró ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Bashir, èmi fúnra mi ni n ó sè é, nítorí n kò mọ ẹlòmíì tó mọ ohun tí olóògbé náà fẹ́ràn. Wá, kí o mú Lubna dání kó wá bá mi tẹ irú ọbẹ̀ náà. Bí o kò bá lè wá kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ, wá sí fídáù ìyá rẹ. Kò sí ọ̀gá tó máa dí ọmọ lọ́wọ́ kó má lọ sí ìyẹn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní wíwọlé àti ní jíjáde. Kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí tèmi. Oorun tó ń fọkàn èèyàn balẹ̀ kò ní jìnnà sí ilé rẹ. Ọjọ́ tí Lubna bá dàgbà tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ fún un, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá òun wà láyé. Bí o bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, tí o rí obìnrin kan nídìí ìkòkò tó jọ ìyá rẹ, má bẹ̀rù. Ó kàn ń dúró kí o ṣe àmín ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Olóògbé Àlàájà Hàbíbátù.